Ẹran Igun Gíláàsì

Yàrá Àyẹ̀wò Ẹran Ara,
Ẹ̀yìn Yàrá Iṣẹ́ Abẹ,
Ilé Ìwòsàn Ńlá.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn láìbú ẹnikẹ́ni? Ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, inú nìkan ló ń bí mi. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní kí n bá ọmọ yín obìnrin bẹ ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ wa, ẹni tí ẹ máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò, kí ó gbà á sọ́dọ̀ láti kọ́ṣẹ́. N kò ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Mo-ti-mọ̀ ni à ń pè é lẹ́yìn rẹ̀ níbí. Aláìsàn kò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí yóò ti ní òun ti mọ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé iná ń jó ìdí ẹ̀wù rẹ̀, ó ti mọ̀ náà nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin aránṣọ kan wá sọ́dọ̀ wa, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ikùn rẹ̀ wú débi pé ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń yọ̀ pé oyún dé, àṣé kókó ni, omi tó ń yọ̀ bí funfun ẹyin adìyẹ ló sì kún inú rẹ̀. Wọ́n gé díẹ̀ wá fún mi pé kí n wá ibi tó ti ṣẹ̀, nítorí èmi ni dókítà tó ń wo ẹran ara. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó lè ti àpò ẹyin obìnrin wá, ó sì lè ti apẹ́ńdíìsì, ẹ̀ka kékeré tó so mọ́ ìfun, wá. Aró la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Aró kan ń sọ ohun tó bá ti ilé ọmọ àti àpò ẹyin wá di búráùn, òmíràn wà fún ti ìfun. Èyí tí aró bá kọ̀ yóò wà ní búlúù. Kí a lè mọ̀ pé aró kò tíì bàjẹ́, a máa ń lẹ ẹran mìíràn tí a ti mọ̀ dájú mọ́ igun gíláàsì pẹlẹbẹ kan náà tí a tẹ́ ti aláìsàn lé. Ègé ilé ọmọ obìnrin kan tí a ti yọ láti ọdún pípẹ́ ni a lẹ̀ mọ́ gíláàsì aró àkọ́kọ́. Ẹran aláìsàn ló wà láàárín.

Èmi wà ní ìpàdé nígbà tí Mo-ti-mọ̀ wọ yàrá mi. Akọ̀wé mi ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ti gíláàsì náà sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó bá ẹran igun pàdé, ó rí búráùn, ó dìde. Kò tilẹ̀ sún un síwájú! Ó gba wọ́ọ̀dù lọ, ó sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé àpò ẹyin ni àrùn ti wá, pé ní Ọjọ́bọ̀ òun yóò kó ilé ọmọ àti gbogbo ohun tó bá a tan kúrò. Ọmọ tí kò tíì bí rárá. Nígbà tí mo fi dé, ìyá ọkọ rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ó ń sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi, inú bí mi. Mo wo gíláàsì náà: ẹran igun búráùn, ti aláìsàn búlúù kedere. Mo wo ti ìfun: ẹran aláìsàn di búráùn káàkiri. Apẹ́ńdíìsì ni. Mo gbé méjèèjì, mo bá ọ̀gá níbi tó ti ń so táì rẹ̀ níwájú dígí.

"Ọ̀gá, ẹran ta ni ẹ wò?"

"Mo ti mọ̀. Aró ti mú un."

"Ẹran igun ló mú, sà. Ẹni tó ni ilé ọmọ yẹn ti lọ sílé rẹ̀ tipẹ́."

Ó wo gíláàsì, ó wò mí. Ó ní, "Ṣe ni mò ń dán yín wò, bóyá ẹ ń fojú sí iṣẹ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! Ikùn ọmọ ọlọ́mọ ló fi ń dán wa wò. Mo ti rí òpùrọ́, mo ti rí agbéraga. Èyí kó méjèèjì pọ̀, ó tún fi lọ́fínńdà wọ́n ọn.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ó yọ kókó àti apẹ́ńdíìsì, ó fi ilé ọmọ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ abẹ, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń dìde lórí àga kí a tó wò tán ni yóò kọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wá ẹlòmíràn fún un.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ kí àwọn ọmọ, ẹ sì sọ fún ìyá wa pé mo ń jẹun.

Àárọ̀ yìí ni ọmọbìnrin náà ń lọ sílé. Mo-ti-mọ̀ ti sọ fún wọn pé òun ló tún un wò, òun ló sì rí òótọ́. Ìyá ọkọ ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà rí mi tí mò ń kọjá, ó na fóònù sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa ya fọ́tò pẹ̀lú dókítà tó gbà mí là." Mo bá wọn yà á. Ojú ọmọ náà hàn dáadáa, ẹ̀rín kún un, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn rẹ̀. Ti Mo-ti-mọ̀, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ nìkan ni mo jẹ́ kó wọ inú fọ́tò.

Èmi ni àbúrò yín,
Ẹlẹ́nu-bí-abẹ.