Mi Ò Béèrè Orúkọ Rẹ̀

Ilé Etí Òkun,
Ẹnu Odò Náílì.

Tẹ́mútì, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ti mókun lẹ́yìn ìkúnlẹ̀? Ṣé Kólútù, ọmọ tuntun wa, ń mu ọyàn dáadáa? Èmi náà wà láàyè. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, o sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òkun kì í ṣe ọ̀rẹ́ orúnkún àgbà.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ọkọ rẹ rán sí mi, pé ọmọ òun kò ní wọ ilé tí òrìṣà wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn. Ère amọ̀ kékeré yẹn, Ìyá Ísísì tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ tó ń fún un lọ́yàn, abẹ́ rẹ̀ ni mo ti fún ìwọ náà lọ́yàn. Kò sì bù ọ́ jẹ! Ṣùgbọ́n àna mi ti di díákónì, ó sì ti sọ̀rọ̀. Bí mi ò bá gbé ère náà kúrò, mi ò ní fojú kan ọmọ-ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ń lọ lórí mi.

O rántí iṣẹ́ mi nílé òrìṣà nígbà náà, pé èmi ni mo máa ń gbọ́ àlá àwọn aláìsàn. Wọ́n á sùn sílẹ̀ níbẹ̀ kí òrìṣà lè wá wò wọ́n sàn lójú àlá, bí wọ́n bá sì jí, wọn ò ní fọ ẹnu, wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni, àfi kí wọ́n tọ̀ mí wá. Kí wọ́n tó sùn, màá kìlọ̀ fún wọn pé, "Ẹni yòówù tẹ́ ẹ bá rí, ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ rẹ̀ o! Àbí ta lẹ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ ẹ bá jí?"

Ibẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Wọ́n ti fi ẹfun kun àwọn ọlọ́run ara ògiri, ṣùgbọ́n ẹfun náà kò dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ṣì hàn, bí ẹsẹ̀ àwọn tó sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ. Àwọn aláìsàn ṣì ń wá sùn. Àwọn tó kú nítorí Kírísítì ni wọ́n ń ké pè báyìí.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo fẹ́ sùn níbẹ̀, kí Ìyá Ísísì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún mi lójú àlá láti gbé ère rẹ̀ kúrò. Nóńnà, opó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bú sẹ́rìn-ín: "Háà! Ìyá olórìṣà! Ṣé ẹ ṣìnà ni?" Mo ní, "Oorun ló ń kùn mí, ọmọ yìí. Àbí Kírísítì yín kì í jẹ́ kí àgbà sùn?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì tẹ́ ẹní fún mi.

Mo sùn. Omi odò kún wọnú ilé náà, ó mọ́ kedere, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹní mi sì ń léfòó. Obìnrin kan ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ nínú omi náà, ó gbé ọmọ lápá. Kò sọ ju pé, "Jọ̀ọ́, bá mi gbé e. Apá ń ro mí." Mo nawọ́ gbà á. Tẹ́mútì, ọmọ yẹn wúwo! Òórùn wàrà wà lọ́rùn rẹ̀, bíi tìrẹ nígbà yẹn. Nígbà tí mo gbójú sókè, obìnrin náà ti fara ti ògiri, ó ti sùn lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò jí i.

Èmi ni mo jí, omijé ti rin ẹní. Mo rọ́ àlá náà fún Nóńnà, torí kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ó fò sókè: "Màríà Wúńdíá ni! Ẹ yin Olúwa!" Bàbá Hóríọ̀n, àlùfáà òrìṣà wa àtijọ́ tó ń ta ẹja oníyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà báyìí, pariwo láti ìta: "Irọ́ ńlá! Ísísì wa ni! Ta ló ń gbé ọmọ kiri kí tiyín tó dé?" Ni àwọn méjèèjì bá kọjú sí mi: "Kí ló pe orúkọ ara rẹ̀?" Ojú tì mí. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kìlọ̀ fún èèyàn, mi ò béèrè. Ọmọ ló wà lọ́wọ́ mi.

Mo ti gbé ère náà kúrò nílé. (Bó o bá ń ka lẹ́tà yìí sí ọkọ rẹ létí, fo ibí yìí.) Mi ò fọ́ ọ, ọwọ́ mi ò lè ṣe é. Mo fi aṣọ ọ̀gbọ̀ wé e, mo sin ín sídìí igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé mi, mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀yin náà bímọ, ẹ mọ̀ bó ṣe ń ṣe ni." Mo sunkún bí ẹni tó sin òkú. Kí àna mi wá tú gbogbo yàrá wò, kò ní rí nǹkan kan. Ẹ ṣáà gbé ọmọ mi wá.

Kànga yín kò ní gbẹ. Kólútù á dàgbà, á sì fọwọ́ rere sin ìwọ àti bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Ẹni tó gbé e fún wa, orúkọ yòówù kó máa jẹ́, á bá wa dá a sí.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ojú ń wá ọ̀nà,
Taẹ́sì.

Mo tún rántí: Bí ẹ bá dé, tí a bá wẹ ọmọ tán, má da omi rẹ̀ sójú ọ̀nà o. Ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ ni kó o rọra dà á sí. Ẹnì kan ń sùn níbẹ̀, apá ń ro ó.