Bàbá Mi Ti Bá Mi Bẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Igando ni mo ti ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Másítáàsì ni mò ń ṣe. Láti Iléyá ni iṣẹ́ ìwádìí mi ti wà lórí tábìlì ọ̀gá tó ń bójú tó o, wọn ò kà á. Àfi bí yunifásítì ṣe ní kí n máa lọ sílé, pé iṣẹ́ mi ò tẹ̀síwájú. Wọ́n ṣá ní mo lè ṣe àpíìlì, kí ìgbìmọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Mo sì ṣe é.

Mo sọ fún bàbá mi, télọ̀ ni wọ́n ní Ìkòtún. Àpíìlì tí mo wí, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n gbọ́! Wọ́n kó ààfáà àti àwọn àgbà àdúgbò lẹ́yìn, wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá náà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọdé ló ń ṣe é."

Ọ̀gá ní àwọn ti dárí jì mí, kí n yáa lọ yọwọ́ nínú ẹjọ́. Inú bàbá mi ń dùn. Kí ni wọ́n dárí ẹ̀ jì mí, jàre?

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò jẹ̀bi, nígbà tí yanrìn ẹnu ọ̀nà ọ̀gá ò tíì kúrò lára agbádá bàbá mi?