Faransé Mi àti Màmá Lorraine

Ìyáàfin Rolande, olóòtú ètò orí rédíò wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọ Madagásíkà ni mí, ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Manitoba, ní Kánádà. Torí pé mo gbọ́ Faransé, ìjọba fún mi níwèé àṣẹ iṣẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi hàn pé òun ti wá ọmọ onílẹ̀ tì. Inú ń bí Lorraine tá a jọ ń po ìyẹ̀fun, torí ọmọ rẹ̀ náà wá iṣẹ́ yẹn, kò rí i gbà. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé, "Ṣé Faransé ló ń mú búrẹ́dì wú ni?"

Lóṣù tó kọjá, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu màmá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì pòórá lẹ́nu wọn, Faransé ìgbà èwe wọn ló kù, wọn ò sì fi kọ́ ọmọ kankan. Ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

Mo lọ. Lorraine jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Sọ fún obìnrin yìí kó dìde lórí àga yẹn. Lorraine ọmọ mi ń bọ̀, ibẹ̀ ló máa jókòó sí."

Lorraine ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ń retí yín."

Ó sunkún. Látọjọ́ náà, òun ló ń po tíì fún mi láràárọ̀. Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, a tún ń lọ sọ́dọ̀ màmá. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ òótọ́ fún un ni, àbí kí n kàn kọ́ ọ ní gbólóhùn Faransé kan péré: "Màmá, èmi ni Lorraine"?