Olúmúyìwá Bámgbóyè, Ọkọ Tí Ó Dín Ràfíólì fún Aya Rẹ̀ (1952–2025)

Ní oṣù kẹta ọdún 1952 ni a bí Bàbá Olúmúyìwá Bámgbóyè ní Ìgèdè-Èkìtì. Olóògbé Ọlálérè Bámgbóyè ni bàbá wọn, àgbẹ̀ oníkòkó tí ó máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìjọ Áńgílíkà ìlú náà. Olóògbé Adéọlá, ọmọ Igbemo-Èkìtì, láti ìdílé àwọn tí ń gbin ìrẹsì, ni ìyá wọn. Ilé tí wọ́n ti jáde wá kì í ṣe ilé olówó, ṣùgbọ́n ilé tí ó mọ ohun tí ọkùnrin ń ṣe àti ohun tí obìnrin ń ṣe ni. Ọkùnrin ilé náà kì í dé ìdí ààrò. Bàbá pẹ̀lú kò dé ibẹ̀ títí wọ́n fi lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìdílé olóògbé kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ẹnu àwọn kan kò tíì kúrò lára rẹ̀, àní nígbà tí òkú ṣì wà nílẹ̀.

Ìgèdè ni Bàbá ti ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní ọdún 1972. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé oríṣiríṣi káàkiri Èkìtì. Àwọn tí wọ́n kọ́ mọ̀ wọ́n sí tíṣà tí kì í na ọmọ tí kò mọ ìwé, ọmọ tí ó bá purọ́ ni wọ́n máa ń nà. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, Bàbá kó wá sí Adó gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì ní 2012.

Ní 1979 ni Bàbá gbé Monínúọlá níyàwó, nọ́ọ̀sì, ọmọ Kátólíìkì láti Adó. Ṣọ́ọ̀ṣì ìyàwó ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀gbọ́n Bàbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, Bàbá Akínbọ́lá, kò yọjú níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò lè mú ìyàwó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀, ìyàwó ni yóò máa mú un káàkiri. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn, nítorí ẹni tí ó sọ ọ́ kò gbàgbé rẹ̀. Tọkọtaya náà bí ọmọ mẹ́ta, wọ́n sì fi owó oṣù àwọn méjèèjì kọ́ ilé sí Ajílòsun ní Adó. Ọlọ́run kò sì bínú sí wọn nítorí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní 2016, àìsàn kọlu Màmá Monínúọlá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn nínú ikùn, iṣẹ́ náà sì yọrí sí rere, ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá padà sílé, ọ̀fun wọn kò gba nǹkan kan mọ́. Wọ́n gbé ẹ̀kọ wá, Màmá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gúnyán, òórùn ọbẹ̀ lásán mú èébì gbé wọn. Ara wọn ń gbẹ bí ewé inú ẹ̀ẹ̀rùn. Dókítà sọ fún Bàbá pé ọgbẹ́ ti jiná, ṣùgbọ́n bí aláìsàn kò bá jẹun, kò sí ohun tí òun tún lè ṣe. Bàbá délé, wọ́n fa àga sún mọ́ ibùsùn.

“Mọ́ní, kí ni ọkàn rẹ ń fẹ́? Ohun yòówù kó jẹ́.”

“Kò sí, Bàbá Ẹ̀bùn. Ẹ má wulẹ̀ dààmú.” Màmá tún sọ pé, “Nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn Sísítà ní ilé ìwòsàn, ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ará Ítálì máa ń dín nǹkan kan fún wa lọ́jọ́ ọdún, kí oúnjẹ gidi tó dé. Ó ní ó ń la ọ̀nà ọ̀fun. Ràfíólì ló ń pè é. Ó máa ń ró wómúwómú lẹ́nu. Ìyẹn nìkan ni mo rántí tí kò rìn mí.”

“Ta ló ń tà á l’Ádó?”

“Kò sẹ́ni tó ń tà á.”

“A jẹ́ pé a ó ṣe é nìyẹn.”

“Ta ni ‘a’?” Màmá rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé ìwòsàn, ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn.

Bàbá pe àkọ́bí wọn, Ẹ̀bùnọlá, lórí fóònù. Ẹ̀bùnọlá wá a rí lórí ẹ̀rọ ayélujára, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bàbá lọ sí Ọjà Ọba, wọ́n ra fúláwà, ẹyin, wàrà líle àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Wọ́n da fúláwà sórí tábìlì, wọ́n gbẹ́ ihò sáàárín rẹ̀, wọ́n fọ́ ẹyin sí i, wọ́n sì pò ó títí ó fi rọ̀ bí etí ọmọdé. Wọ́n fi abọ́ dé e kí ó sinmi. Wọ́n fi ìgò yí i títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n bu wàrà àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ dànù sí i, wọ́n sì dé e mọ́ra. Nígbà tí wọ́n jù ú sómi gbígbóná, gbogbo rẹ̀ lanu. Wàrà ń léfòó, ẹ̀fọ́ ń léfòó. Ọkùnrin tí ó ti jẹ́ ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró ti ìkòkò, ó ń wò ó bí ẹni tí ọjà rẹ̀ bọ́ sódò.

“Ẹ fi omi pa etí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́,” ni Màmá pè láti inú yàrá. “Fọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́.”

Bàbá tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi omi pa etí rẹ̀. Wọ́n bọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n jẹ́ kí omi ro dànù, wọ́n rì í sínú ẹyin pípò, wọ́n sì yí i nínú búrẹ́dì gbígbẹ tí wọ́n ti gún kúnná. Inú òróró tó gbóná dáadáa ni wọ́n ti dín in títí ó fi pọ́n bí iyanrìn odò. Wọ́n gbé e lọ bá Màmá pẹ̀lú ọbẹ̀ tòmátì díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Màmá gé ọ̀kan jẹ. Ó ró. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá ẹ̀kọ kò ṣẹ́kù nílé. Bàbá jáde lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n dúró sídìí igi máńgòrò, wọ́n ń fi ọwọ́ tí fúláwà kún nu ojú. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń jẹun.

Ṣé ohun tí ó yẹ kí a fi dúpẹ́ kọ́ nìyí? Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ẹbí fi í ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá Akínbọ́lá wá kí wọn láti Ìgèdè. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó gbọ́, wọ́n gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n sì bá Bàbá ní ìdáná nínú aṣọ ìdáná ìyàwó wọn, fúláwà dé ìgúnpá.

“Múyìwá! Kí ni obìnrin yìí fún ọ jẹ?”

“Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó. Oúnjẹ ìyàwó mi ni mò ń ṣe.”

“Ìyàwó rẹ wà láàyè, ìwọ sì wà ní ìdáná?”

“Torí kí ó lè wà láàyè náà ni mo fi wà ní ìdáná.”

Bàbá gbé abọ́ síwájú wọn. Bàbá Akínbọ́lá fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í, abọ́ náà fọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì jáde láìkí aláìsàn tí ó wà ní yàrá kejì. Kí oṣù tó parí, gbogbo Ìgèdè ti gbọ́ pé Monínúọlá ti fi oògùn sọ ọmọ Bámgbóyè di ọmọ ọ̀dọ̀.

Àwọn ẹbí pe ìpàdé ní Ìgèdè. Bàbá ni àwọn àgbà ẹbí fẹ́ fi jẹ olórí ẹbí nígbà náà, bí Bàbá Akínbọ́lá tilẹ̀ jù wọ́n lọ, gbogbo ilé ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n ní ọwọ́ tí ó di ṣíbí ìdáná kò lè di ọ̀pá ìdílé mú. Wọ́n ní kí Monínúọlá wá búra pé òun kò fún ọkọ òun ní nǹkan jẹ. Obìnrin tí kò tíì lè gun àtẹ̀gùn! Bàbá dìde. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ pé ohùn wọn ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù.

“Nígbà tí wọ́n la ikùn ìyàwó mi, ẹ gbọ́. Ta ni nínú yín ló wá? Ta ló gbé omi lásán wá? Ẹ kò bi mí bóyá ó jẹun. Ta ló sè é ni ẹ wá ń bi mí! Ìyàwó mi kò ní búra fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé oyè yín fún ẹni tí ó wù yín. Èmi ń lọ sí ulé mi, mo fi fúláwà sílẹ̀ kó sinmi.”

Wọ́n sì jáde. Àbúrò wọn obìnrin, Ọláyínká, nìkan ló dìde tẹ̀lé wọn. Inú bí Bàbá jálẹ̀ ọ̀nà títí wọ́n fi dé Adó. Wọn kò fẹ́ kí Màmá mọ̀, ṣùgbọ́n Màmá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pò fúláwà, ó dà bí ẹni tí ń lu olè.

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọn kò sọ nǹkan kan tó mọ́gbọ́n wá.”

Bàbá kò fi í pamọ́ mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Àlejò tí ó bá wọ ilé wọn, ràfíólì ni yóò kọ́kọ́ rí kí iyán tó dé. Àwọn obìnrin ìjọ kan ń pè é ní míìtì-páì tí kò dàgbà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú ìborùn, wọ́n sì ń nawọ́ sí i. Nígbà tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ mú ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ tí òun àti Bàbá jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀gbẹ́ni náà wá sí Ajílòsun, ó tijú títí kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Bàbá fi aṣọ ìdáná kan fún un, wọ́n ní kí ó wẹ ọwọ́ rẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló wá. Bàbá ni alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò fún ìgbà pípẹ́, wọ́n jà títí ìjọba fi la gọ́tà, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ tí ó ti ara Bàbá mọ bí a ṣe ń bọ́ aláìsàn kò lè gbàgbé wọn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àìsàn ọkàn ni ó pa Bàbá ní ilé ìwòsàn kan ní Adó. Ọwọ́ Màmá wà nínú ọwọ́ wọn. Dókítà sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó béèrè. Síbẹ̀, àwọn kan tún ń sọ pé oúnjẹ yẹn ló pa á. Oúnjẹ tí Màmá jẹ ní ọdún mẹ́jọ gbáko tí wọ́n sì wà láàyè! Kò pẹ́ tí Bàbá Akínbọ́lá fi dé ilé ní Ajílòsun, wọ́n ní kí opó kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ títí ẹbí yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilé náà. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé kí ẹ jẹun, tàbí kí ẹ máa lọ. Èmi kò ní ibi tí mò ń lọ.”

Wọn kò wọlé. Wọ́n lọ. Wọ́n wá ránṣẹ́ pé kí a má ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìdáná sínú ìwé yìí, kí ìlú má baà fi ìdílé rẹ́rìn-ín. Ìdílé olóògbé ti kọ ọ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín.

Àwọn tí Bàbá fi sáyé lọ ni aya wọn, Màmá Monínúọlá. Àwọn ọmọ wọn, Ẹ̀bùnọlá, Pẹ̀lúmi àti Oore-ọ̀fẹ́. Àbúrò wọn, Ọláyínká. Àti àwọn ọmọ-ọmọ, nínú èyí tí Ìyìn àti Ọmọ́túndé wà.

Bàbá, ẹ sinmi. Kí ilẹ̀ Èkìtì rọ̀ yín lọ́rùn. Ìyàwó yín ń jẹun, inú ilé yín ni wọ́n sì wà. Ẹ sùn re.