Nígbà Tí Abdulbasit Kò Wẹ̀yìn Mọ́

Fúláàtì 22, Consort Road,
Peckham, London SE15.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Alhaji Yaqub,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá yín gbé nínú ilé yín ní Ìwó. Mo lérò pé ara yín le, pé ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn kò yọ yín lẹ́nu mọ́, àti pé ìyàwó wa Nàfísátù wà ní pípé. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ gbọ́ èyí kí ọkàn yín lè balẹ̀: Abdulbasit ọmọ yín wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀. Kò tíì ju wákàtí méjì lọ tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Aunty Agnes tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín lórí fóònù láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹnu mi kò gbà á. Nígbà tí ẹ béèrè ọmọ yín lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ní ilé mi ló wà, pé ó kàn ń sinmi ni. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ilé ìwòsàn ló wà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orí. Ẹ dákun, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Inú bí yín gidi lọ́jọ́ náà. Ẹ ní, "Òyìnbó ará Spain yẹn ti ba ayé ọmọ mi jẹ́! Ó wọ́ ọ kúrò lórí pápá bí olè!" Ẹ kò mọ irú ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, ẹ kò sì mọ ohun tí èmi àbúrò yín ṣe.

Anselmo Viñuela ni orúkọ rẹ̀. Gáfà, ìyẹn ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá, ni gbogbo wa ń pè é ní Linden Athletic, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré wa tó wà nítòsí Peckham Rye. Ìlú àwọn awakùsà èédú ní àríwá Spain ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń gbá àárín pápá nínú líìgì àgbà wọn, ó sì gbá a fún ọdún mọ́kànlá. Kò ga, kò yá lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti mọ ibi tí yóò gbé e sí. Mo wo fídíò rẹ̀ kan: á wẹ̀yìn lápá ọ̀tún, á wẹ̀yìn lápá òsì, bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì. Ohun tó fi kọ́ Abdulbasit náà nìyẹn. Ó máa ń sọ fún un pé, "Ẹni tó bá ń gbá àárín tí kò wẹ̀yìn, afọ́jú ni."

Lẹ́yìn tó fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀, ó kọ́ àwọn ọmọdé, ó wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ẹgbẹ́ kan ní líìgì kejì. Ó gbé wọn gòkè, ó sì tún bá wọn já wálẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ọkọ sí Deptford, òun àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e wá. Ẹgbẹ́ wa ti fẹ́ túká nígbà tó gbà á, ọdún méjì ló sì fi tún un ṣe. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ìdí tó fi pa bọ́ọ̀lù tì ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Bí a bá bi í, á fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó máa ń gbọ̀n mú, á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn sáà. Bí a bá ta ọ̀mì, a ó dúró sí líìgì wa. Bí wọ́n bá nà wá, a já nìyẹn. Abdulbasit ni balógun ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ńlá kan sì ti rán ẹni méjì wá wò ó. Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ ti ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Èmi ni mo ń tọ́jú àwọn tó bá ṣèṣe, bí mo ṣe máa ń ṣe ní Sátidé tí n kò bá ní ṣíftì.

Ní ogójì ìṣẹ́jú, òun àti ẹnì kan fò sókè sí bọ́ọ̀lù kan náà, orí sì kọlu orí. Láti ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo ti gbọ́ ọ. Mo sáré wọlé. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò wò mí. Mo bi í pé ta ni à ń bá gbá, kò rántí. Ó wá di ọwọ́ mi mú pé, "Aunty, I'm good, swear down. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Àwọn èèyàn yẹn ń wò mí." Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Wọ́n kọ́ mi: ẹni tó bá fi orí gbá bẹ́ẹ̀, kíá ni kó bọ́ síta. Ṣùgbọ́n mo wo àwọn méjì yẹn lórí ìjókòó wọn, mo rántí yín, mo sì gbé àtàǹpàkò sókè sí Gáfà pé ó dáa.

Ní ìsinmi, Gáfà bi mí pé, "Rafi, ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, a kò tíì jẹ góòlù, àwọn náà kò tíì jẹ. Gáfà tó ń pariwo láti àárọ̀ ṣàdédé rìn wá bá mi. Ó ní, "Kò wẹ̀yìn mọ́." Mo wò ó, òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Gáfà wá sọ fún mi, láì gbé ojú kúrò lára ọmọ náà, pé, "Èmi náà purọ́ fún dókítà mi. Ìkọlù kejì ló gbé mi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni mo jí, n kò mọ orúkọ ìyàwó mi. Sọ òótọ́ fún mi báyìí."

Mo ní, "Kò dáa. Láti ìgbà tó ti ṣubú ni kò ti dáa."

A ti pààrọ̀ gbogbo ẹni tí a lè pààrọ̀. Bí ó bá jáde, mẹ́wàá la ó kù. Gáfà kò dúró rò ó. Ó wọ pápá nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì ń yí. Rẹfirí fọn fèrè, ó fún un ní káàdì pupa, Gáfà kò bojú wẹ̀yìn. Abdulbasit tì í láyà, ó ń kígbe pé òun kò lọ. Àwọn alátìlẹ́yìn tiwa gan-an ń hó lé e lórí. Gáfà ṣáà fi apá gbá ọmọ yín mọ́ra, ó mú un jáde. Ohun tí wọ́n ròyìn fún yín bí ìtìjú nìyẹn.

A kò tíì jókòó nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ tí Abdulbasit fi ń bì. Ó ń pè mí ní Màmá, ó ní kí n ṣílẹ̀kùn, òun yóò pẹ́ dé ilé kéú. Mo wo ọmọ ẹyinjú rẹ̀, ọ̀kan ti tóbi ju èkejì lọ. Mo figbe ta pé kí wọ́n pe ámbúláńsì. Gáfà kúnlẹ̀, ó di orí rẹ̀ mú kó má mì, ó ń bá a sọ èdè Spain jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ la wà tí a gbọ́ ariwo góòlù níta. A mọ̀ pé kì í ṣe tiwa. Gáfà kò gbé orí sókè.

Nílé ìwòsàn, àwòrán skánì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń kóra jọ lábẹ́ agbárí rẹ̀. Dókítà ní bí wọ́n bá tún kọlù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ àwọn kì bá tí ká a. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere, Alhamdulillah.

Lọ́jọ́bọ̀, kọmití ẹgbẹ́ lé Gáfà. Wọ́n ní òun ló jẹ́ kí a já. Gbogbo ohun tó sọ ni pé òun ló ṣe ìpinnu náà. Kò mẹ́nu ba àtàǹpàkò mi rárá. Ara mi kò gbà á. Mo dìde, mo ka ẹ̀ṣẹ̀ mi lójú gbogbo wọn. Ọ̀gbẹ́ni Asher tó jẹ́ alága ní àwọn kò ní yí ìpinnu àwọn padà. Wọ́n gba báàgì ìtọ́jú lọ́wọ́ èmi náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ Gáfà wá kí Abdulbasit. Ojú ti ọmọ náà, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá ó béèrè bóyá òun ṣì lè gbá bọ́ọ̀lù. Gáfà kò tàn án. Ó ní, "N kò mọ̀. Èmi kò gbá a mọ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi sunkún." Ó bó ọsàn kan pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó pẹ́ kó tó bó o tán, ó sì fún un ní ìdajì.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà tí ẹ fi ọmọ yìí lé mi lọ́wọ́, ẹ ní ojú mi ni ojú yín. Ojú náà rí i, ẹnu ni kò sọ ọ́. Èmi ni kí ẹ bínú sí. Bí ẹ bá ní n kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín mọ́, n ó gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún ọkùnrin yẹn mọ́. Ó ta iṣẹ́ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ kí ẹ lè ní ọmọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ fojú sunkún ọmọ. Yóò fi ìlera jíǹkí yín, yóò sì jẹ́ kí a tún jọ jókòó pọ̀ ní Ìwó pẹ̀lú ẹ̀rín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń tọrọ àforíjì,
Ràfíátù.

Àfikún: Abdulbasit fẹ́ fúnra rẹ̀ pè yín lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ohùn rẹ̀ ṣì lọ́ra díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ẹ ní sùúrù kó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má sì dárúkọ bọ́ọ̀lù, àfi bí òun bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀.