Tú Ẹrù Wò Kí O Tó Gbé E

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ajéwọlé,
Agége,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 1990.

Yẹ́misí ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìyá tí kò bá mi mu ọmú kan náà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Olúgbénró ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti le dáadáa láti ìgbà tí ibà ti ṣe é? Ìlérí ńkọ́, ṣé ó ti ń lọ sílé ìwé láìsunkún? Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ńkọ́, àti òkè tí ẹ fi ń yangàn sí wa ní Ìkàrẹ́, ṣé ó ṣì wà ní ìdúró? Àwa níbí dúpẹ́. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Ìkẹjà, níbi tí mo ti ń yẹ aṣọ wò kí wọ́n tó ká a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù ti dé, ẹ̀rọ tó ń sinmi ti pọ̀ ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ṣì ń gbé wa lọ, ó ṣì ń gbé wa bọ̀. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ lọ láàárọ̀ nílùú yìí, kó dúpẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo tún un kà, inú mi sì bàjẹ́. O ní màmá tó bí ọ ránṣẹ́ láti Abíjánì pé ojú àwọn ń ṣú díẹ̀díẹ̀, pé dókítà ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́, àti pé ohun kan ṣoṣo tí àwọn ń fẹ́ ni kí àwọn rí ojú rẹ kí ó tó ṣú tán. O ti pinnu láti lọ ní ìsinmi Kérésìmesì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ní obìnrin kì í dá rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, pé kí o dúró di ìgbà tí ọkùnrin kan bá ráyè tẹ̀lé ọ. Ọkọ rẹ ò sọ pé kí o má lọ, kò sì sọ pé kí o lọ. O wá bi mí bóyá o lè dá a lọ.

O lè dá a lọ, Yẹ́misí. Má dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí ojú màmá kò ní dúró de ẹni tí kò tíì ráyè. Jẹ́ kí Olúgbénró náà ka lẹ́tà yìí, kí ó lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ agídí ni mo ń sọ. Mo ti rí obìnrin tó ń dá rìn, mo sì ti bá a rìn.

Fàúsát lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, òun ló ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, yàrá rẹ̀ ló sì kọjú sí tèmi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Tàmálè ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí i sí kí wọ́n tó lé àwọn òbí rẹ̀ wálé. Ó jù wá lọ díẹ̀, àmọ́ ó ní tí mo bá pe òun ní àǹtí, òun ò ní dá mi lóhùn. Bí ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ bá ti dé báyìí, á gbé àpò kan, á gba ọ̀nà òkèèrè lọ. Kì í rajà, kì í tajà. Bí àwọn ará ilé bá bi í pé kí ló lọ rà, á ní òun lọ wò ó ni. Kí ló lọ wò? Odò kan ni, tàbí ọjà kan, tàbí bí àwọn ènìyàn kan ṣe ń mọlé. Àwọn kan ní nǹkan ń ṣe é. Lójú tèmi, ńṣe ló ń rìn bí ẹni tó jogún ayé, tó kàn ń lọ yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò.

Lásìkò ọdún Àjíǹde tó kọjá, mo tẹ̀lé e dé Lomé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó kúrò nílé ni mo fẹ́ kí o gbọ́ jù, torí òun gan-an ló lè kó bá ọ, kì í ṣe ọ̀nà.

O mọ bí tiwa ṣe rí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ènìyàn ń lọ sí ìlú òkèèrè, ẹrù á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bá mi fi èyí fún àbúrò mi, bá mi fi tọ̀hún fún ọmọ mi. Tó bá sì jẹ́ àgbà ló gbé ìdì wá, orí ìkúnlẹ̀ lo ti máa gbà á. Ta ni yóò tú ìdì àgbà wò? Bàbá Adésànyà, onílé wa tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, gbé ìdì kan wá fún ọmọ wọn tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Lomé. Wọ́n fi bébà àpò sìmẹ́ńtì dì í, wọ́n fi okùn wé e yí ká. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo ní a ó fà á lé e lọ́wọ́. Mo ti ń gbé e wọ yàrá lọ nígbà tí Fàúsát jáde síta. Ó kúnlẹ̀ wọlẹ̀ ju bí mo ṣe kúnlẹ̀ lọ, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ẹ jẹ́ ká jọ tú u, kẹ́ ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn wá, ká wá jọ tún un dì."

Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo lè wò. Bàbá wo Fàúsát tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé olè lo fi mí pè ni?" Wọ́n gba ìdì wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n kọjú sí yàrá wọn. Àwọn ayálégbé ti yọ jáde láti wò ó. Fàúsát kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, tí ṣọ́jà bá bi mí ní bodè pé kí ni mo gbé, ṣé kí n sọ pé mi ò mọ nǹkan tí bàbá mi fún mi ni? Ẹ̀yin ni wọ́n máa bú. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú yín níṣojú mi."

Mo gbà fún un lọ́jọ́ náà. Kò gbé ohùn sókè, kò sì yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Bàbá dúró díẹ̀, wọ́n padà, wọ́n jókòó sórí àga tí Fàúsát gbé fún wọn, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn tú okùn náà. Bùbá kan jáde, obì jáde, ọṣẹ dúdú, gàárì nínú ọ̀rá, àti fọ́tò ìyàwó wọn tó ti di olóògbé. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ni Fàúsát ń yìn ín, tó ń béèrè ìtàn rẹ̀, títí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni agolo àtíkè kan yọ lábẹ́ gàárì. Bàbá ní Síkírù ló ni ín, ayálégbé tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló bá wọn di ẹrù náà, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi àtíkè kan sí i fún ọ̀rẹ́ òun, tí yóò wá gbà á lọ́wọ́ ọmọ wọn.

Fàúsát ṣí i. Àtíkè kọ́ ló wà níbẹ̀. Kóró oògùn ló kún inú agolo náà, irú èyí tí wọ́n máa ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù níbi iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé kiri láìsí ìwé dókítà. O mọ irú ìjọba tó wà lórí wa, o sì mọ bí ẹjọ́ oògùn ṣe ń rí lọ́wọ́ àwọn ológun. Bàbá ti agolo náà sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ni ǹ bá fọwọ́ ara mi fà yín fún ẹ̀wọ̀n." Nígbà tí Síkírù gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò padà wálé mọ́; ẹlòmíràn ló wá kó ẹrù rẹ̀. Fàúsát da oògùn náà sí ṣáláńgá, ó bá bàbá tún ìdì wọn dì, ó sì ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ta kókó rẹ̀.

Nígbà tí a dé bodè Sẹ̀mẹ̀, ṣọ́jà ní kí a kó ohun gbogbo sórí tábìlì. Ó nawọ́ sí ìdì bàbá, ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo kà á fún un kí ó tó tú u, títí kan fọ́tò ìyá náà. Ó tú u, ó bá a bẹ́ẹ̀, ó ní kí a máa lọ. Obìnrin kan tí a jọ wọkọ̀ kò mọ ohun tó wà nínú ẹrù tí wọ́n fi rán an. Ibẹ̀ la fi í sí tó ń ṣàlàyé, mi ò sì mọ bó ṣe parí. Mò ń bojú wẹ̀yìn títí a fi dé òdìkejì, Fàúsát sì ń bi mí bóyá ebi ń pa mí.

Nítorí náà, Yẹ́misí, ẹrù tí o kò bá tú, má gbé e, ì báà jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ. Kúnlẹ̀, yìn ín, kí o sì tú u. Àwọn nǹkan yòókù kò le. Tètè gba ìwé ìrìnnà, kí o sì gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ní tòótọ́. Má lọ ra yẹ́lò káàdì lásán ní gáréèjì, torí ibà kò mọ̀ pé o ní káàdì. Àpò tí o kò bá lè fọwọ́ kan gbé, fi sílé. Rán àpò kékeré mọ́ abẹ́ yẹ̀rì rẹ fún owó àti ìwé, kí ti oúnjẹ nìkan wà nínú pọ́ọ̀sì. Fàúsát ní kí n má jẹ́ kí awakọ̀ mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn, kí n kàn bi í bí ọ̀nà ṣe rí lọ́tẹ̀ yìí. Mo bi í bẹ́ẹ̀, awakọ̀ sì ní ìgbà wo ni mo ti gba ibẹ̀ kọjá rí. Mo yáa kọjú sí fèrèsé. Fàúsát rẹ́rìn-ín títí a fi dé Kútọnu. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ìmọ̀ràn náà, ìwọ ṣáà mọ ohun tí o máa dáhùn. Rí i pé o dé ìlú tí o kò mọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Tí o bá rí i pé ilẹ̀ máa ṣú mọ́ ọ lójú ọ̀nà, sùn sí ìlú tó wà nítòsí, kí o máa lọ láàárọ̀.

Ní ti Faransé, ìkíni wọn nìkan ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ kí wọn ní bọ́ńjúù kí o tó béèrè ohunkóhun. Ẹni tó kàn la ẹnu béèrè nǹkan láìkí wọn, wọ́n á wò ó bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé, bí àwa náà ṣe máa wò ó. Tí o bá sì dé ẹnu ọjà, sọ Yorùbá sókè. Ní Lomé, a ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí obìnrin kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, fi dá wa lóhùn nídìí ọjà rẹ̀, ó mú wa lọ sílé, ó bu omi ìwẹ̀ fún wa. Mo rò pé Fàúsát mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni. Kò mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ọmọ bàbá onílé, kò tíì tú ìdì náà tó ti ń wo okùn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi ló ta kókó yìí." Ó mọ ọwọ́ wọn. Ó jókòó, ó gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ lé itan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a lọ jókòó létí òkun, mo sì sunkún ayọ̀, èmi tí mo rò pé n kò ní kọjá Èkó láyé. Fàúsát ò bi mí léèrè ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an fún ìyẹn.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún un, má bínú. Ó bi mí pé irú aṣọ wo lo máa wọ̀ dé ọ̀dọ̀ màmá. Ó ní ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú, àwọ̀ tó bá mọ́lẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù kí ó tó sọ nù fún un. O kò gbọdọ̀ wọ aṣọ dúdú lọ. Nígbà tí o bá sì dé, má sáré wọ inú yàrá lọ bá wọn. Dúró síta nínú oòrùn, kí o pè wọ́n, kí wọ́n jáde wá bá ọ.

Bá mi kí Olúgbénró. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, ọ̀dọ̀ wọn lo máa padà sí. Bá mi gbá Ìlérí mọ́ra. Bàbá onílé ń ṣàdúrà fún ọ, Fàúsát náà ní kí n kí ọ.

Muhydeen, awakọ̀ tó ń kó aṣọ wa wá sí Ìkàrẹ́, ló mú lẹ́tà yìí wá. Ó tún mú aṣọ kan dání, mo rà á níbi iṣẹ́ wa fún ọ láti wọ̀ dé ọ̀dọ̀ màmá, ó pọ́n bí ìyeyè. Ó fẹ́ bá mi dì í, mi ò gbà. Bébà rẹ̀ nìyẹn lọ́tọ̀, okùn rẹ̀ náà nìyẹn. Gbọn aṣọ náà wò, yẹ ìṣẹ́tí rẹ̀ wò yí ká, kí o fọwọ́ ara rẹ dì í. Lẹ́yìn náà, máa lọ, kí ìyá rẹ rí ọ.

Èmi tí mò ń retí àbọ̀ rẹ,
Ìbílọlá