Àtúnṣe sí Ìròyìn Ìwalẹ̀ Òkè Olódi

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ìdí-Àràbà,
Ìbẹ́fún, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìwalẹ̀ Òkè Olódi,
Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

IKÚ TÀJÚDÉÈNÌ ADÉLÉKÈ TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ÌRÒYÌN YÍN

Èmi ni Rodiat Adélékè, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbẹ́fún. Tàjúdéènì, tó ń bá yín walẹ̀ wá ohun àtijọ́ lórí Òkè Olódi láti oṣù Kejì, ni ọkọ mi. Òun ló fi ibi tí odi amọ̀ àtijọ́ náà gbà yí orí òkè ká han àwọn òṣìṣẹ́ yín.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ sí ìdí odi náà ti ń sán. Kòtò náà ti jìn tó ìdúró ènìyàn méjì, kò sì sí pákó kankan tó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró. Ó sọ fún ọ̀gá ibi iṣẹ́. Èsì tó gbà ni pé, "Odi tó ti wà láti ayébáyé, ṣé ọ̀la ló máa wó?" Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún mi, ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ẹ̀gbẹ́ kòtò náà ya lulẹ̀, ó sì bo Tàjúdéènì mọ́lẹ̀. Abdulsalam tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi ṣí. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e jáde, ó ti kú. A sin ín kí a tó kírun Alásárì.

Mo ṣe opó tán, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò tíì sunkún. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ìbínú ni mo fi kọ̀wé.

Ní oṣù tó kọjá, Hafeezah ọmọ wa gba ìròyìn iṣẹ́ náà wálé. Mo kà á tán. Àfọ́kù ìkòkò mọ́kànlélógójì ni ẹ kọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ohun tí ẹ kọ fún ọjọ́ kẹtàlá oṣù Karùn-ún, ní ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n, ni: "Òjò dá iṣẹ́ dúró."

Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fọ ṣòkòtò ọkọ mi kan láàárọ̀. Ó ti gbẹ lórí okùn kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ dé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wá sí ọ́fíìsì yín. Arábìnrin Rose, akọ̀wé yín, fún mi ní ìjókòó àti omi, ṣùgbọ́n n kò rí èsì gbà. Kòtò náà ṣì ṣí sílẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń gun òkè náà ní gbogbo Sátidé. Mo bẹ̀ yín, ẹ dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n, ẹ pa òjò rẹ́, kí ẹ kọ orúkọ ọkọ mi síbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, tí mo ń retí èsì,

Rodiat Adélékè (Ìyáàfin),
Ìyàwó olóògbé.